Alhaja Oko Àjàrà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, kó má di pé ẹnu ẹlòmíì lẹ ti máa gbọ́ ọ: Mùsùlùmí ni mí, mo ti lọ sí Mẹ́kà, oko tí wọ́n ti ń ṣe ọtí wáìnì ni mo sì ti lo ọdún iṣẹ́ mi. Ní gbogbo Alief, àdúgbò wa ní Houston, "Alhaja Oko Àjàrà" ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ a tiẹ̀ máa pè mí ní "Alhaja Ọlọ́tí". Ẹ máa pè é lọ. N kò fi ahọ́n kan wáìnì rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún mi ní èso àjàrà kan báyìí, màá jẹ ẹ́, màá sì sọ fún yín bóyá òjò rọ̀ lé e lórí kí wọ́n tó ká a.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ nǹkan sílẹ̀ nípa iṣẹ́ tí a ṣe, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa yàn. Ó dára. Mo mọ̀ pé lójú àwọn òbí yín, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni Ọlọ́run dá sílé ayé: dókítà, ẹnjiníà àti nọ́ọ̀sì. Èmi gé igi, mo da màlúù, inú mi sì dùn sí i débi pé bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ tábìlì.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, inú apartment kan ní Gulfton, àdúgbò míì ní Houston, ni a ń gbé, èmi, ọkọ mi àti Kúdí ọmọ wa. Ọkọ mi ń wa takisí. Lọ́jọ́ kan ó gbé bàbá òyìnbó kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ freeway, bàbá náà sì ń ráhùn lọ́nà pé òun kò rí ẹni tó máa bá òun ká àjàrà. Ọkọ mi ní, "Ọmọ àgbẹ̀ kòkó nìyàwó mi o." Kò pẹ́ tí mo fi bá ara mi lóko. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀, kò sì burú. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Bí ẹ bá gba I-10 lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tí ẹ kọjá gbogbo ilé gíga àwọn elépo ní Energy Corridor, tí ẹ kò yà, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, koríko á sì máa pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni oko Pa Emil, bàbá òyìnbó yẹn, wà. Bàbá àgbà rẹ̀ ló ti Yúróòpù dé, tó fi màlúù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó sì gbin àjàrà dúdú sétí odò kékeré kan nítorí pé kò rí irú ọtí ilé rẹ̀ mu ní Tẹ́sáàsì. Ọmọ rẹ̀ kọ́ ilé ìfúntí sẹ́yìn ilé. Pa Emil jogún gbogbo rẹ̀. Bí àjàrà bá yan lódì, màlúù á bọ́ wọn. Bí màlúù bá yan lódì, àjàrà á bọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé náà ṣe ń gbé e bọ̀ láti ìran dé ìran.

Pa Emil! Ẹni gíga, ẹni tíńrín, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Kí ni nǹkan rẹ tó sọnù nílẹ̀?" Mo ní kò sí, pé kíkí ni mò ń kí i. Ó ní kí n dìde, pé ṣíṣe iṣẹ́ náà dáadáa ni kí n máa fi kí òun. Kí n tó gba iṣẹ́, mo ti sọ fún un pé n kò ní wọ ilé ìfúntí, n kò sì ní fọwọ́ kan ìgò: àjàrà lórí igi àti màlúù nínú pápá nìkan. Ó ní ìyẹn tẹ́ òun lọ́rùn, pé àwọn tó ń mu ún lọ́dọ̀ òun ti pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ.

Àfáà Mùdá tó ń ṣíwájú wa kírun ní mọ́ṣáláṣí Alief kò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní èso kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ kí n wá iṣẹ́ míì. Mo ní, "Mo ń wá a, Àfáà." Bí a bá ti pàdé, á ní, "Ìyá Kúdí, iṣẹ́ yẹn ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Mo ṣì ń wá a, sà." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Pa Emil kò jẹ́ kí n gé ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ńṣe ni mo ń di igi mọ́ wáyà, tí mò ń ṣa ẹ̀ka tí òun gé sílẹ̀. Bí mo bá dì í le jù, á tú u. Bí mo bá dì í dẹ̀ jù, á tú u. Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà tó wá fún mi ní àlùmọ́gàjí ńlá tí a fi ń gé ẹ̀ka, ẹ ò rí ìyà. Gbogbo ẹ̀ka tí mo gé ló ń fàya. Bàbá ń pariwo, èmi ń làágùn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ìyá àgbà mi ló fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ mi lára nígbà èwe, tó ní ọmọ òun kò ní máa fi ọwọ́ òsì jẹun bí ẹni tí kò nílé. Mo ti gbà pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo ní. Lọ́jọ́ kan Pa Emil ju ọsàn kan sí mi lójijì, ọwọ́ òsì mi sì hán an kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá wò mí títí. Ó wọlé, ó mú àlùmọ́gàjí kan jáde tí wọ́n rọ fún ọlọ́wọ́ òsì. Ti ìyàwó rẹ̀ ni, ìyá Walter ọmọ wọn, ẹni tó ti kú kí n tó débẹ̀.

Mo wẹ̀yìn wò ná, bóyá ìyá àgbà mi ń bọ̀ láti Ìkirè. Mo wá gé ẹ̀ka kan. Ó mọ́ kedere! Mo gé òmíràn. Ó mọ́! Mo pariwo, màlúù sá. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń gba apá kan ọ̀wọ́ àjàrà lọ, tí èmi ń gba apá kejì, tí a jọ ń pàdé nídìí igi kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń bá òun ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó òun ti lọ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ, ẹ má sọ fún bàbá Kúdí.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Ẹṣin la fi ń da màlúù nígbà tí mo débẹ̀. Kò pẹ́, ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dé, mo sì gbá a mọ́ òpó lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún. Wọ́n jáwọ́ nínú fífi irin gbígbóná sàmì sí màlúù, wọ́n ń fi àmì oníke sí i létí bí yẹtí. Nínú ilé ìfúntí, ẹ̀rọ oníná gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ yí irin ìfúntí. Mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Walter, ọmọ kan ṣoṣo tí Pa Emil bí, ẹnjiníà ni ní ọ́fíìsì epo kan ní Energy Corridor. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló rọ bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n gbin àjàrà ilẹ̀ Yúróòpù sí pápá ńlá, èyí tí àwọn olówó ń béèrè. Àjàrà náà rẹwà, gbogbo wa la yọ̀ sí i. Àṣé kòkòrò kékeré kan wà tó ń gbé àrùn kiri lágbègbè wa. Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ẹni pé iná lá a, kí a tó mọ̀, pápá ńlá ti kú pátá. Àjàrà dúdú etí odò nìkan ló kù. Lórí ìyẹn, ọ̀dá dé. Koríko kú, oúnjẹ màlúù di wúrà. Nítorí pé gbogbo àgbẹ̀ ló ń ta màlúù lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà màlúù kú.

Àwọn tó ń kọ́ ilé sì ti dé ojú títì iwájú oko. Walter ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká ta ilẹ̀ yìí, kí ẹ lè sinmi." Pa Emil wo pápá gbígbẹ náà yíká. Ó wá ní, "Bí mo bá rí àwọn màlúù tó wà nílẹ̀ yìí tà dáadáa kí ooru tó mú, màá dúró. Bí n kò bá rí wọn tà, kí wọ́n wá kọ́ ilé wọn."

Mo fi odindi òpópónà ronú délé. Ọdún Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí Iléyá ṣe rí fún wa ní Houston nígbà yẹn? A ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alápatà, wọ́n á gbé ẹran tí a kò fojú rí láàyè fún wa nínú ọ̀rá. Àwọn ọkùnrin ń kùn lọ́dọọdún pé àwọn kò fọwọ́ ara àwọn dú ẹran rí láti ìgbà tí àwọn ti dé Amẹ́ríkà.

Mo ní, "Bàbá Kúdí, ṣé ẹ rí oko wa yẹn? Bí àwọn èèyàn wa bá wá pa ẹran Iléyá wọn níbẹ̀ ńkọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ìyá Kúdí, are you serious? Oko ọtí?"

"Màlúù ni mo ní kí wọ́n wá rà. Mi ò ní kí wọ́n ra ìgò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ sọ fún Àfáà, pé òun kò sí níbẹ̀ o.

Àfáà Mùdá gbọ́ ọ, ó pa ojú dé. Ó ní, "Ìyá Kúdí, mo ní kó o wá iṣẹ́ míì, o wá fẹ́ kó gbogbo jamáà lọ síbi iṣẹ́ rẹ." Ṣùgbọ́n ó wá. Ó rìn yí oko ká, ó wo ẹnu màlúù, ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní wọ́n dára. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Mo fi kòtò kan hàn án, níbi tí Pa Emil ń kó eèrí àjàrà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un, tí wọ́n fi táàpólì bò, tí wọ́n máa ń fún màlúù jẹ bí koríko bá wọ́n. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti di ọtí. Àfáà ní nǹkan yìí kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹran Iléyá. Pa Emil ní kò sí ìṣòro, ó kó àwọn màlúù lọ sí pápá tó jìnnà sí kòtò, ó ti géètì àárín wọn.

Áà, ẹ̀yin èèyàn, tẹlifóònù wa kò sinmi mọ́! Láti Gulfton, láti Alief, láti ibi tí n kò mọ̀. Ẹni tó fẹ́ dá ra màlúù, àwọn méje tó fẹ́ para pọ̀ ra ẹyọ kan, ìyàwó ilé tó ń béèrè bóyá òun lè mú ìkòkò òun wá. Pa Emil náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó gbá ilẹ̀ abà, ó fa omi dé ìta, ó pọ́n ọ̀bẹ.

Ó wá di ọjọ́ Arafa, tí Iléyá ku ọ̀la. Mo gbààwẹ̀. Mo dé oko lọ́sàn-án, mo bá màlúù kan tó jókòó bí ajá. Mo rò pé ooru ni. Mo wo iwájú, mo rí òmíràn tó ń rìn gátegàte, tó forí sọ igi, tó sì dúró bí ẹni ń bẹ igi náà. Akọ màlúù ńlá dúró níwájú katakata, ó ń ké sí i pẹ̀lú ìfẹ́. Walter ló mú àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́lé wá wò ó láàárọ̀, kò sì ti géètì padà. Gbogbo màlúù ti já táàpólì, wọ́n ti jẹ eèrí àjàrà yó, ọtí sì ń pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, lẹ́yìn náà ni mo rí Pa Emil tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ọkọ mi tó wà mí wá ní kí a fi omi fọ ẹnu wọn kí Àfáà tó wá yẹ̀ wọ́n wò. Mo ní, "Bàbá Kúdí, ẹ̀rù Ọlọ́run kò bà yín?" Kí ó tó dáhùn, Àfáà ti dé.

Àfáà súnmọ́ màlúù kan. Màlúù náà gùfẹ̀ sí i lójú. Àfáà nu ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ìyá Kúdí, ìwọ náà rí i. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ mímọ́ títí inú wọn á fi mọ́, a lè wá rà wọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́la."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Pa Emil. Walter dúró sẹ́yìn, ojú ń tì í, kò lè wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Daddy, ẹ forí jì mí. Bóyá kí ẹ kúkú ta ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé báyìí." Pa Emil yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òdìkejì odò ló ń wò, níbi tí àwọn màlúù pupa ti ń jẹ koríko.

Màlúù ìyá Walter ni àwọn wọ̀nyẹn. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi ìgò omú bọ́ ìyá ìyá wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n fún wọn ní eèrí àjàrà rí láyé rẹ̀, bàbá kò sì yí i padà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọn kì í tà wọ́n. Gbogbo wọn ló lórúkọ.

Pa Emil fi orúkọ mi pè mí, ó ní, "Sidi, àwọn pupa ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

Ó ní, "Ọdún tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́la yìí, ṣé kì í ṣe ti Ábúráhámù àti ọmọ rẹ̀ ni?"

Mo ní òun ni.

"Mo mọ ìtàn náà. Kì í ṣe ohun tí kò dùn ún ló mú lọ sórí òkè." Ó dìde, ó gbọn ìdí sókòtò rẹ̀. "Wá bá mi kó wọn kọjá odò."

Mo sunkún, mo sì bá a kó wọn.

Ní ọjọ́ Iléyá, lẹ́yìn ìrun, ọkọ̀ tò láti ẹnu ọ̀nà oko dé ojú títì. Ẹ bá wa níbẹ̀! Àwọn bàbá bọ́ agbádá, wọ́n wọ jíǹsì. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Houston, tí wọn kò rí màlúù rí àfi nínú tẹlifíṣàn, ń sá, wọ́n tún ń padà wá wò. Pa Emil fúnra rẹ̀ ló di okùn màlúù kọ̀ọ̀kan mú, tó dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó rà á, tó sì fi okùn lé e lọ́wọ́. Nígbà tó fi èyí tó kẹ́yìn lé wọn lọ́wọ́, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó tó ọ̀sán kí ó tó jáde. Wọ́n ti pa ẹran tán, wọ́n ti pín in. Ó sì rí ohun kan tó jẹ́ kí ojú rẹ̀ yí padà: tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹran. Ẹran nínú ọ̀rá, ẹran nínú abọ́, ẹran nínú ìkòkò, àwọn èèyàn sì ń gbé òmíràn bọ̀. Bàbá di òpó mú. Ó ní, "Sidi, wọ́n ń dá a padà? Kí ló ṣe ẹran náà? Kò dára ni?"

Ọlọ́run mi! Mo ti gbàgbé láti sọ fún un. Mo ní, "Bàbá, ó dára o! Ìpín tiyín ni."

"Ìpín wo? Mo ti tà á fún wọn."

"Bí a bá pa ẹran Iléyá, a máa ń pín in. A ó mú ti ilé, a ó fún àwọn tí kò ní, a ó sì gbé fún aládùúgbò."

Ó wo àwọn èèyàn náà. "Ṣebí Alief ni wọ́n ń gbé."

Ìyá arúgbó kan, ìyá Àfáà Mùdá, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ló wà níwájú rẹ̀ lásìkò náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ tirẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú ọdún, bàbá. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Pa Emil béèrè ohun tó sọ. Mo sọ fún un. Bàbá di abọ́ náà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì rí ọwọ́ fi nù ún.

Walter wá jáde pẹ̀lú fóònù. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló wà lórí ìlà, pé wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì.

Pa Emil ní, "Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ilẹ̀ síbòmíì. Kí o sì wá bá mi gbé ẹran yìí wọlé, eṣinṣin ti ń bọ̀."

Wọn kò ta oko mọ́. Inú àwọn màlúù ọlọ́tí mọ́, àwọn èèyàn wa padà wá rà wọ́n, ẹni tó fẹ́ sọmọ lórúkọ, ẹni tó fẹ́ ṣe sàráà. Èmi àti bàbá gé ẹ̀ka lára àjàrà dúdú etí odò, a fi gbin pápá ńlá padà, òun lápá kan, èmi lápá kejì. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí eékún mi fi ní ó tó. Nígbà tí Pa Emil kú, Walter fi ọ́fíìsì epo sílẹ̀, ó padà sóko. Lọ́dọọdún, kí Àfáà tó kéde ọjọ́ Iléyá rárá, òun ló ń kọ́kọ́ fóònù mi: "Alhaja, ṣé wọ́n ti rí oṣù?"